Bésì tó ti sun ọjọ́ mẹ́rin, má kàn ta kílíà lé e o

Okun o, àbúrò. Mo rí ohun tó o bèèrè, pé o ta bésì (ọ̀dà aláwọ̀ tá a ń fín sára ọkọ̀) sí bọ́nẹ́ẹ̀tì Camry kan ní Mọ̀pà lọ́jọ́ Sátidé, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kọṣẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, ẹni tó máa tún un ṣe ń fi òní dọ́la, ó ti di ọjọ́ kẹrin báyìí, bésì ò sì ní àléébù kankan lójú ẹ, ṣé o lè kàn nù ún kó o ta kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán, tó ń bo bésì lórí) lé e. Má dán an wò. Èmi ti ṣe é rí, owó tó bá mi lọ níbẹ̀ ṣì ń dùn mí dòní.

Kàbà níbí ni. Màmá kan tó jẹ́ tíṣà ní Ìsánlú gbé Corolla sílífà wá, bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ló fẹ́ kí n tún kùn. Fúráìdé ni mo ta bésì, ó jókòó dáadáa, àfìgbà tí mo ṣí hádínà kílíà (omi tá a ń pò mọ́ ọn kó lè le) tí mo rí i pé ó ti dì bíi góòmù nínú agolo, ọmọ iṣẹ́ ò dé e dáadáa ìgbà tó lò ó kẹ́yìn, atẹ́gùn olómi ti bà á jẹ́. Mo ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja, ẹni tí mo rán ò tètè bọ̀, Mọ́ńdè ló dé. Mo fi àkísà pẹ̀lú pẹtiróòlù nu ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì (ẹ má rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn), mo ta kílíà, ó dán bíi dígí. Màmá ṣàdúrà fún mi títí.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ ni ìpè wọlé. Ó ní àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò da omi alágbára sí i, etí kan ṣí, kí wọ́n tó parí ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ mo fi èékánná sábẹ́ ẹ̀, àbúrò, ńṣe ló ń bá mi bọ̀ bí èèpo ẹyin sísè. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé bésì wà lábẹ́ níbẹ̀ mọ́ tónítóní, kò ṣí, kò ha. Bésì di ọkọ̀ mú, kílíà ni ò di bésì mú láti ọjọ́ kìíní.

Ohun tó fà á ni pé bésì tiwa yìí, tínà (omi tá a fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn) tó ń fẹ́ kúrò nínú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó gbẹ. Tó bá ṣì tutù díẹ̀ nínú, tínà inú kílíà á rọ ojú ẹ̀, àwọn méjèèjì á wọnú ara wọn. Tó bá pẹ́ jù, ojú bésì ti pa dé, kílíà kàn máa tẹ́ lé e lórí bí ọ̀rá tẹ́ lé tábìlì. Bésì tí wọ́n da hádínà sí tún le ju ìyẹn lọ, torí tó bá ti jinná tán kò ní rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ bésì máa ń fún ẹ ní nǹkan bíi wákàtí 24, òmíràn ò tó bẹ́ẹ̀, ìwé ọ̀dà ni kó o kà, kì í ṣe ẹnu ẹni tó tà á fún ẹ. Kó o sì rántí pé 20°C ni wọ́n sábà fi ń ka àkókò inú ìwé yẹn, ta ló rí 20 rí ní ọ̀sán oṣù kẹta nílẹ̀ Okun wa ní Kogi, níbi tí ooru ti ń mú un gbẹ kíákíá?

Mi ò tíì parí ìtìjú mi. Nígbà tí mo máa tún un ṣe, mo bó gbogbo kílíà kúrò, mo fi sáńpépà 600 (nọ́ńbà tó bá ga ló ń kúnná jù) ha bésì, mo wá ń yangàn pé báyìí ó ti ní ibi tó máa dì mú, mo ta kílíà lé e bẹ́ẹ̀. A tì í síta sínú oòrùn, ìlà-ìlà ló yọ, ibì kan dúdú ibì kan funfun bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò. Sáńpépà ti gé àwọn wóró tó ń dán nínú sílífà, kílíà ò sì ń bo nǹkan, ńṣe ló ń fi í hàn. Ìgbà mẹ́ta ni mo ta bọ́nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, owó ìgbà kan ni mo gbà.

Nítorí náà bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, fi omi tó ń yọ ọ̀rá nù ún, pẹtiróòlù kọ́ o, ọ̀rá lòun náà ń fi sílẹ̀. Fi sáńpépà 1000 pẹ̀lú omi rà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 800 náà dáa tọ́wọ́ ẹ bá fúyẹ́, àbí kànrìnkàn eléérú tí wọ́n ń pè ní Scotch-Brite. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àti ibi tó ga, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já dé pírámà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ bésì. Fọ̀ ọ́, fẹ́ ẹ, fi aṣọ tó ń lẹ̀ mú eruku kúrò, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ̀bá títì tí àwọn tírélà ń gbà ni ṣọ́ọ̀bù ẹ wà. Lẹ́yìn náà ni kó o tún ta bésì tuntun lé e, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́, káwọn wóró sílífà tún sùn bó ṣe yẹ. Òun ni kílíà máa dì mú. Àwọn kan ní tó bá jẹ́ funfun lásán o lè fo èyí. Bóyá. Èmi ò ní fò ó, bésì ife kan ò tó nǹkan tó yẹ kéèyàn tìtorí ẹ̀ pàdánù oorun.

Dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 kó ṣú, kó má dán mọ́, fi ìka kan ara tépù bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, má fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Má sì tìtorí ohun tí mo sọ wá kánjú ta kílíà lórí bésì tútù, tínà á há sábẹ́, ihò wínníwínní á máa yọ. Po kílíà bí agolo ṣe ní kó o pò ó. Kó o sì wá ìbòmú gidi tó ní fílítà, hádínà yẹn ń ba èémí jẹ́, áńkáṣífù tá a ń so mọ́mú ò dá nǹkan kan dúró.

Tí ọlọ́kọ̀ bá ń pariwo pé òun fẹ́ fi lọ òde ní Sátidé, sọ fún un pé ó di Mọ́ńdè. Kó gun ọ̀kadà lọ.