"Whom" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń múra WAEC. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé sọ fún un pé "whom" la fi ń pọ́n àgbà lé, "who" wà fún ẹgbẹ́ ẹni, "which" fún ẹran àti nǹkan, "that" fún ohun tó bá kù. Ọmọ kọ "the Magaji whom settled the matter", wọ́n fa á pa nílé ìwé. Èwo la fẹ́ gbà? (Òbí kan, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ilé ìwé ni kẹ́ ẹ gbà. Ìbéèrè yìí ti sú ni í gbọ́, torí pé àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín ló ń tan irọ́ yìí kálẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àgbà níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ọba, àáfà, ọmọ ọwọ́, bákan náà ni wọ́n rí. Ohun tí "who" àti "whom" ń wò ni ipò tí ẹni náà wà nínú awẹ́ gbólóhùn ("clause"): ṣé olùwà ni, ìyẹn ẹni tó ṣe nǹkan, àbí àbọ̀, ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí. Àwa la fẹ́ fi "ẹ" àti "wọ́n" tiwa wọ Gẹ̀ẹ́sì láṣọ. Nínú Yorùbá pàápàá, "tí" kò mọ àgbà. "Ajá tí ó gbó", "Mágàjí tí wọ́n parí ìjà": "wọ́n" ló gbé ọ̀wọ̀ ibẹ̀, "tí" ò dá sí i.

Kí ọmọ náà gé awẹ́ gbólóhùn yẹn jáde, kó wo ibi tó ṣófo, kó fi "he" tàbí "him" dí i. "He settled the matter" ló dún dáadáa, torí náà "the Magaji who settled the matter" ni. "We greeted him" ńkọ́? "The Magaji whom we greeted". "Him" parí sí m, "whom" náà parí sí m. Kó di ìyẹn mú. Ibi tó ti ń tan ènìyàn ni ìgbà tí "I think" bá há sáàárín: "the man who I think stole the goat". Ẹ yọ "I think" kúrò ná, "he stole the goat" ló kù. "Who" ni. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló ń ki "whom" bọ ibẹ̀ kí ènìyàn lè mọ̀ pé àwọn kàwé.

Bí "to", "with" tàbí "from" bá ṣíwájú rẹ̀, "whom" la ń kọ: "the tailor to whom I gave the ankara". Lẹ́nu, "the tailor I gave the ankara to" ti tó, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀.

Èyí tó yẹ kó dùn yín ju "whom" lọ ni "the girl that her mother sells wara at Ipata". "Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń ta wàrà ní Ìpàta" ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Yorùbá fi "tí" síwájú, ó fi "rẹ̀" tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ká méjèèjì pọ̀ sínú "whose": "the girl whose mother sells wara". Ọmọ ìyá rẹ̀ ni "the house that I live in it". "Inú rẹ̀" ló bí "it" yẹn, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má sì gbà pé ènìyàn nìkan ló ni "whose": "a school whose roof the wind removed" pé pérépéré. "Who's" tó ní àmì lórí, "who is" tàbí "who has" ni, kò bá èyí tan.

"That" fún ènìyàn kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ olùkọ́ mìíràn kì í fẹ́ ẹ. Nínú ìdánwò, kó kọ "who" kó fara balẹ̀. Èmi kọ́ ni n ó máàkì ìwé rẹ̀. Ibi tí "that" ò gbọ́dọ̀ dé ni ẹ̀yìn kọ́mà tó ń kó àfikún ọ̀rọ̀ wọlé: "Unilorin, which was founded in 1975, is in Kwara". Ẹ yọ àfikún yẹn, a ṣì mọ yunifásítì tí à ń wí.

Ní ti olùkọ́ ilé yẹn, ẹ bi í bóyá ó lè sọ pé "Him settled the matter". Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gba owó yín.