Ìdí tí ṣíìpù kékeré fi ń gbóná

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní fóònù yín tuntun ń gbóná ní Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ṣíìpù rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tó fi ń ṣiṣẹ́, kéré. Kíkéré yẹn gan-an ló fà á: ọ̀kẹ́ àìmọye tírànsísítọ̀, ìyẹn súìṣì tín-ín-tín tó ń tan iná tó sì ń pa á, há sójú ibi tí kò ju èékánná lọ, ooru wọn kò ríbi gbà.

Títí di nǹkan bí ọdún 2005, bí tírànsísítọ̀ ṣe ń kéré ni fólítéèjì rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń ti iná, ń relẹ̀. Láti ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má relẹ̀ mọ́, ni ooru bá ń pọ̀ sí i bí tírànsísítọ̀ ṣe ń há pọ̀. Tó bá relẹ̀ jù, iná á máa jò gba inú tírànsísítọ̀ tí wọ́n ti pa pàápàá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló le jù.

Àlàyé yìí wà fún ìgbà tí ẹ bá ń gbá géèmù. Bó bá ń gbóná láìṣiṣẹ́ kankan, ẹ yẹ bátìrì wò. Nínú ooru oṣù kẹta, ẹ bọ́ páọ̀ṣì rẹ̀, ẹ má sì gbá géèmù lórí ṣájà.