Ṣé Ọba Constantine ló yọ Ìhìnrere Tọ́másì kúrò nínú Bíbélì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òṣogbo ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà. Wòlíì kan ta ìwé kan fún mi ní ₦40,000. Ó ní Ìhìnrere Tọ́másì àti àwọn ìwé mìíràn tí Ọba Constantine yọ kúrò nínú Bíbélì níbi ìpàdé Nísíà ló wà nínú rẹ̀, pé agbára inú wọn ló bà á lẹ́rù. Ó ní kí n máa kà á ní aago 12 òru fún ọjọ́ 21, kí n sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi dúró títí ọjọ́ yóò fi pé. Ṣé mo lè rí ìwé náà ní Látìnì, èdè tí àwọn àpọ́sítélì fi kọ ọ́, kí n fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, oògùn yín ni ká kọ́kọ́ sọ. Ẹ má dá a dúró. Bí ẹ bá ti dá a dúró, ẹ lọ rí dókítà yín lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, Gíríìkì àti Látìnì ayé àtijọ́ ni mò ń kọ́ni, mo sì ń sọ fún yín pé n kò tíì rí ìwé kan nínú èdè méjèèjì tó sọ pé kí aláìsàn fi kíkà rọ́pò oògùn.

Àwọn àpọ́sítélì kò fi Látìnì kọ̀wé. Gíríìkì ni gbogbo ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun. Kódà nígbà tí ìjọ Róòmù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọ Kọ́ríńtì ní nǹkan bí ọdún 96, lẹ́tà tí à ń pè ní Kìíní Clement, Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, ní Carthage, ní ibi tó di Tùníṣíà lónìí, ni ọ̀kan nínú ìwé Kristẹni Látìnì tó pẹ́ jù lọ ti wá: àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ àwọn ajẹ́rìíkú ìlú Scilli, ọdún 180. Gómìnà bi wọ́n pé kí ló wà nínú àpótí tí wọ́n gbé dání. Speratus, ọ̀kan nínú wọn, dáhùn pé ìwé ni, àti àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, ọkùnrin olódodo. Ó ku ọdún 145 kí ìpàdé Nísíà tó wáyé nìyẹn o, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà sì ti mọ ẹni tí wọ́n ń gbé lẹ́tà rẹ̀ kiri.

Ọ̀rọ̀ Nísíà yìí gan-an ló ń dùn mí, nítorí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí, owó àwọn èèyàn ló sì ń bá a lọ. Òtítọ́ ni pé Constantine, olú ọba Róòmù, pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nísíà, ní ibi tó di Tọ́kì lónìí, ní ọdún 325. Ẹ̀kọ́ àlùfáà kan tó ń jẹ́ Arius, tó ní Ọmọ kò bá Baba dọ́gba, ni olórí ohun tó kó wọn jọ. Wọ́n jíròrò ọjọ́ tí wọn yóò máa ṣe ọdún Àjíǹde, wọ́n sì ṣe òfin 20. Àwọn òfin náà wà títí dòní, ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n. Ìkẹtàdínlógún ní kí àlùfáà má gba èlé lórí owó tó bá yáni. Èyí tó kẹ́yìn ní kí wọ́n má kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n dúró. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ka orúkọ ìwé Bíbélì, bóyá láti fi kún un tàbí láti yọ ọ́.

Níbo wá ni ìtàn yìí ti wá? Ìwé Gíríìkì kan tí à ń pè ní Synodicon Vetus, tí wọ́n kọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹsàn-án, lé ní 500 ọdún lẹ́yìn ìpàdé náà, ló sọ pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù kó gbogbo ìwé síbi pẹpẹ, wọ́n gbàdúrà, àwọn ojúlówó dúró sókè, àwọn ayédèrú bọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1601, Voltaire, òǹkọ̀wé ará Faransé, sì gbé e kiri. Orí ìtàn yìí ni àwọn tó ń tajà ń dúró lé.

Bí nǹkan ṣe lọ gan-an, ìjọ ló ń kà, ìjọ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní nǹkan bí ọdún 200, Serapion, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, dé ìlú Rhossus, ó bá wọn tí wọ́n ń jà lórí Ìhìnrere Pétérù. Kò tíì kà á, ó ní bó bá jẹ́ pé ohun tó ń dà wọ́n láàmú kò ju ìyẹn lọ, kí wọ́n máa kà á. Nígbà tó padà délé, ó yá ìwé náà lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, ó kà á tán, ó rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ dára ṣùgbọ́n wọ́n ti ki nǹkan mìíràn bọ̀ ọ́, ó sì kọ̀wé lòdì sí i. Kò sí olú ọba kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 367 ni Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, ka ìwé 27 náà sílẹ̀ nínú lẹ́tà ọdún Àjíǹde rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó kà wọ́n pé bí a ṣe ní wọn lónìí. Nígbà yẹn, Constantine ti kú láti 337. Ìhìnrere Tọ́másì kò sí nínú ìwé wọ̀nyí rí, a kò sì lè lé ẹni tí kò wọlé jáde.

Ìhìnrere Tọ́másì fúnra rẹ̀ kò ní ohun ẹ̀rù kankan nínú. Àkójọ gbólóhùn 114 tí wọ́n ní Jésù sọ ni, wọ́n rí i lódindi ní èdè Coptic, èdè àwọn Kristẹni Íjíbítì àtijọ́, ní 1945 nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì. Àjákù rẹ̀ ní Gíríìkì ti jáde láti inú ilẹ̀ Oxyrhynchus, ní Íjíbítì bákan náà, ṣáájú, ní 1897. Kò sí ti Látìnì tí ẹ lè fi wé e. Òwe hóró músítádì tí ẹ mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aago 12 òru kò sí níbẹ̀ rárá. Bí èdìdì àti àmì bá wà nínú ìwé tí wọ́n tà fún yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da Ìwé Kẹfà àti Ìkeje Mósè, ìwé idán kan, mọ́ ọn. Ìlú Stuttgart ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ ìyẹn ní 1849, Mósè kò mọ̀ nípa rẹ̀.

 

Bí ẹ bá fẹ́ ka ohun àtijọ́ tí kò sí nínú Bíbélì, Didache ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ẹ̀kọ́. Orí 16 péré ni, Athanasius fúnra rẹ̀ sì ní ó dára fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìgbàgbọ́. Ó pẹ́ tí odindi rẹ̀ fi sọnù sí wa lọ́wọ́, kí bíṣọ́ọ̀bù Bryennios tó rí i ní Constantinople ní 1873, nínú ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n dà kọ ní 1056. Ẹ ṣí i sí orí 11. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú ẹ̀mí pé kí ẹ fún òun lówó, ẹ má gbọ́ tirẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé fún àwọn aláìní ló ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ka ibẹ̀ sí wòlíì yín létí nígbà tí ẹ bá lọ gba ₦40,000 yín padà.