Èsì: Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé coding yé ọmọ kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá coding (títo àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) yé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7 yín, àbí wọ́n kàn ń tẹ nǹkan lásán. Ẹ má fi iṣẹ́ orí ScratchJr, áàpù tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ coding, nìkan díwọ̀n wọn. Ọmọ lè máa tẹ̀ ẹ́ títí ológbò inú áàpù náà á fi rìn, kó má mọ ohun tó mú un rìn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo to káàdì mẹ́rin sílẹ̀ fún ọmọláńgidi kan: iwájú, iwájú, yà sọ́tùn-ún, iwájú. Mo wá pààrọ̀ ipò kejì àti ẹ̀kẹta, mo ní, "Ibo ló máa já sí báyìí?" Ọmọ tó bá fi ìka tọ ọ̀nà náà káàdì kan tẹ̀ lé òmíràn kó tó dáhùn, ó ti mọ̀ pé bí àṣẹ ṣe tò léra ṣe pàtàkì. Tó bá ṣì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá àṣìṣe náà. Ibẹ̀ gan-an ni òye ti ń hàn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ so rìbọ́nnì pupa mọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọmọláńgidi náà.

Ẹ tún wo TechCheck, ìdánwò oníbèérè 15 tí kò nílò pé kí ọmọ ti kọ́ coding rí.