Báwo ni àwọn tó ń ṣe lute (ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá) ṣe ń mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ máa dára?

Etí àti ìka ni, kí wọ́n tó ta okùn sí i rárá. Igi spruce ni wọ́n sábà fi ń ṣe pákó ojú lute, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ gan-an, bíi mìlímítà 1.5 sí 2. Wọ́n á fi ìka méjì dì í mú létí, wọ́n á wá kàn án bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Tó bá dún ketekete, tí ohùn náà sì pẹ́ kó tó kú, ó dára. Tó bá dún "pò" lásán, ó lè jẹ́ pé ó ṣì nípọn jù. Ibi tó le jù ni àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó náà: wọ́n á fá a díẹ̀, wọ́n á tún kàn án gbọ́, torí igi tí wọ́n bá ti fá kúrò ti lọ nìyẹn.

Àwọn míì ń da iyanrìn lé pákó, wọ́n á mú kó gbọ̀n. Iyanrìn á kó jọ síbi tí kò mì. Ernst Chladni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, kọ̀wé lórí èyí ní 1787. Lójú tèmi, àfikún lásán nìyẹn. Tí wọ́n bá ti ta okùn, wọ́n á ta ohùn kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń pariwo ju àwọn yòókù lọ tàbí tó ń tètè kú.