Balùwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lò, òórùn rẹ̀ ló ń lé wa nílé

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá pọ́lọ́mbà, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ mi ti kó lọ tán, balùwẹ̀ kejì wà níbẹ̀ láìlò. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ni òórùn ṣalańgá ti ń ti ibẹ̀ jáde. Bí mo da Izal sí i lónìí, ó di ọ̀la kó tún dé. Ẹnìkan ní àfi kí n fọ́ táìlì, kí n pààrọ̀ páìpù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. (Ìyá kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù wọ balùwẹ̀ yẹn.

Ọyẹ́ tí ẹ dárúkọ yẹn ni mo gbá mú. Lábẹ́ ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ, páìpù tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Tíráàpù là ń pè é. Omi díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 5, máa ń dúró síbẹ̀, òun ló dínà mọ́ afẹ́fẹ́ sókàwéè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wẹ̀ níbẹ̀, ọyẹ́ á fa omi náà gbẹ, òórùn á sì rọ́nà gbà wọlé. Izal kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni, kò dí ọ̀nà.

Ẹ ṣí ìdérí oníhò orí rẹ̀, kí ẹ tan iná fóònù sí i. Bí ẹ bá rí omi tó ń dán nísàlẹ̀, ibòmíràn ni ká wá. Bó bá gbẹ táútáú, ẹ da ìlàjì garawa omi sí i, kí ẹ wá ta ṣíbí òróró ìsebẹ̀ méjì lé e. Òróró á léfòó, kò ní jẹ́ kí omi tètè gbẹ. Ẹ da omi sí bésìn náà, kí ẹ sì fi omi ṣan ilé ìgbẹ́.

Bó bá jẹ́ pé omi wà níbẹ̀ tí òórùn kò lọ, kí ẹnìkan fi omi ṣan ilé ìgbẹ́ kí ẹ máa wo ihò ilẹ̀. Bó bá ń dún gbúlúgbúlú, tàbí tí omi inú rẹ̀ ń fà lọ sílẹ̀, páìpù gíga tó ń gbé afẹ́fẹ́ jáde ní òkè òrùlé ló sábà máa ń dí: ewé, tàbí ìtẹ́ ẹyẹ. Ilé mìíràn tí mo ń wọ̀ ní Adó kò tilẹ̀ ní in rárá, nítorí ẹni tó kọ́ ọ fẹ́ dín owó kù. Ó ń dùn mí gan-an, torí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìgbẹ́ tó ní ásíìdì o. Èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́rẹ́ tún yàtọ̀ díẹ̀. Ìlú àpáta ńlá Olósùnta ni, òkúta pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, sókàwéè ibòmíràn kì í lè mu omi dáadáa tí òjò bá ti pọ̀. Bí òórùn bá padà dé lásìkò òjò, tí omi ilé ìgbẹ́ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ti kún nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin ni kí ẹ pè. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú kòtò náà, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ì báà sì jẹ́ láti gba ẹlòmíràn là: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pa ènìyàn kó tó lè ké. Láti òkè ni kí wọ́n ti fi họ́ọ̀sì fà á.