Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ló Gbọ́ Ìtàn Ìṣẹ̀dá Lẹ́nu Ta?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé omi ló gba gbogbo ayé kí wọ́n tó ta ẹ̀wọ̀n láti ọ̀run, tí wọ́n fi gbé iyẹ̀pẹ̀ àti adìẹ oníka márùn-ún sọ̀ kalẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀. Àfi bí mo ṣe wá kà á pé àwọn ará Bábílónì, àwọn ará Íjíbítì àti àwọn Iroquois ti Àríwá Amẹ́ríkà náà gbà pé omi ló ṣáájú. Ṣé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Nínú gbogbo ìtàn tó jọ mọ́ èyí, àwọn tí mo rò pé wọ́n gbọ́ tẹnu ara wọn ni àwọn ará Bábílónì àti àwọn Hébérù, nítorí pé wọn kò jìnnà síra, èdè wọn sì bára tan. Nínú Enuma Elish, ìtàn Bábílónì tí wọ́n kọ sára wàláà amọ̀ méje, òkun jẹ́ abo òrìṣà kan tó ń jẹ́ Tiamat. Òrìṣà mìíràn, Marduk, ta á lọ́fà, ó fi kùmọ̀ fọ́ ọ lórí, ó sì là á sí méjì bí ìgbà tí ènìyàn bá ń la ẹja tó fẹ́ sá gbẹ, ó wá fi ìlàjì rẹ̀ ṣe òfurufú. Nígbà tí George Smith, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1876, àwọn tó mọ Jẹ́nẹ́sísì rí i pé níbẹ̀ náà ni a ti pín omi sí méjì tí òfurufú sì wà láàárín. Kódà tehom, ọ̀rọ̀ Hébérù fún ibú omi, bá orúkọ Tiamat tan. Ṣùgbọ́n kò sí ìjà nínú Jẹ́nẹ́sísì: àṣẹ ẹnu ló ṣe iṣẹ́ tí ọfà àti kùmọ̀ ṣe ní Bábílónì.

Ti àwọn Iroquois yàtọ̀. Obìnrin kan ló já bọ́ láti ọ̀run sórí omi, àwọn ẹranko sì ń mòòkùn lọ wá ilẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ kùnà, kí ẹranko kékeré kan tó jọ òkété tó bu ẹrẹ̀ díẹ̀ wá, tí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn ìjàpá, tí ó sì ń fẹ̀ títí ó fi di ilẹ̀. Ẹ wò ó: iyẹ̀pẹ̀ tiwa ti òkè wá, tiwọn ti ìsàlẹ̀ omi wá. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe dé kò lè ṣàì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ti sí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sì dìgbà tí àlejò bá sọ fún un. Ọdọọdún ni àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì máa ń rí odò Náílì tó ń kún bo ilẹ̀, tó sì ń fà, tí òkìtì ń yọrí. Kò yani lẹ́nu pé orí òkìtì tó yọ láti inú omi ni wọ́n ní òrìṣà wọn Atum ti bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Àwọn Māori, àwọn onílẹ̀ New Zealand, kò tilẹ̀ fi omi bẹ̀rẹ̀: òkùnkùn ló wà láàárín bàbá wa ọ̀run àti ìyá wa ilẹ̀ tó dì mọ́ra, títí Tāne ọmọ wọn fi dùbúlẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀run sókè.

Ẹ kò béèrè nípa amọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ọbàtálá fi amọ̀ mọ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni òrìṣà Khnum ṣe ní Íjíbítì, lórí àwo roboto tí amọ̀kòkò máa ń yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni abo òrìṣà Nüwa ṣe ní Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ó rẹ Nüwa, ó wá ti okùn bọ ẹrẹ̀, ó ń fà á yọ, ẹrẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ sì ń di ènìyàn. Wọ́n ní àwọn tó fi ọwọ́ mọ ni ọlọ́lá, àwọn tó kán láti ara okùn ni mẹ̀kúnnù. Ẹmu ni wọ́n ní ó pa Ọbàtálá ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni abuké àti arọ ti wá. Ìdí tí àwọn kan fi lówó ju àwọn kan lọ ni ìtàn ti Ṣáínà ń wá. Tiwa ń wá ìdí tí ara ènìyàn kò fi rí bákan náà.

Àwọn Maya ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gbà pé amọ̀ lè ṣiṣẹ́ náà. Àwọn òrìṣà wọn fi ẹrẹ̀ mọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè yí orí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nítumọ̀, omi sì tú u ká. Wọ́n fi igi gbẹ́ òmíràn, kò ní ọkàn. Àgbàdo ni wọ́n padà fi ṣe ènìyàn tó dúró.